Orúkọ Ẹlòmíràn Ni Mo Fi Ń Wọlé

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà, kò sí ẹni tí n kò lè dà. Bí mo bá ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí mo ní àṣẹ root lórí ẹ̀, màá tẹ su, màá fi orúkọ ẹni tó wù mí tẹ̀lé e, mo ti di onítọ̀hún nìyẹn. Mo lè di akáwó. Mo lè di ọ̀gá àgbà. Mo lè di ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ẹni tí lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ àti lẹ́tà ìdádúró gbogbo wa wà lọ́wọ́ ẹ̀. Server tí a ń kó fáìlì pamọ́ sí kò ní bi mí ní páásíwọ́ọ̀dù kankan. Ó ti gbà pé èmi ni ẹni tí mo pe ara mi.

Ẹ̀rí ni mo wá jẹ́, n kò wá kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí náà kò ní yé ẹni tí kò bá mọ bí ilẹ̀kùn yẹn ṣe ń ṣí.

NFS ni ọ̀nà tí àwọn kọ̀ǹpútà wa ń gbà dé ibi ìpamọ́ fáìlì. Iléeṣẹ́ Sun Microsystems ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 1984, nígbà tí kọ̀ǹpútà orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan kò tíì pọ̀, tó sì sábà jẹ́ pé ẹni kan náà ló ń bójú tó gbogbo wọn. Lábẹ́ ìlànà àtijọ́ rẹ̀, AUTH_SYS, tí àwa máa ń kọ ní sec=sys, kọ̀ǹpútà tó wá béèrè fáìlì ló máa sọ fún server pé ẹni tó fẹ́ kà á, nọ́ńbà rẹ̀ ni 1012. Server kò ní wádìí. Bí àdírẹ́ẹ̀sì kọ̀ǹpútà náà bá ti wà nínú /etc/exports, ọ̀rọ̀ parí. Ọlọ́dẹ ẹnu géètì ni, tó ń béèrè pé "Ta nìyẹn?", tó sì ń ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni tó bá ti dáhùn pé "Èmi ọmọ lánlọ́ọ̀dù ni."

Ààbò kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ root_squash. Bí ẹni tó dé bá ní nọ́ńbà òun ni òdo, ìyẹn nọ́ńbà root, server á sọ ọ́ di nobody, ẹni tí kò láṣẹ kankan. Ọ̀pọ̀ àwa tí a ń ṣiṣẹ́ yìí máa ń fi ìyẹn tu ara wa nínú. Ṣùgbọ́n ta ló ní dandan ni kí n pe ara mi ní òdo? Màá pe ara mi ní 1012.

Iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan ní àkáǹtì á fi fóònù pè mí pé òun ti wá fáìlì kan títí, òun ò rí i. "Bùọ̀dá Kọ̀ǹpútà, ẹ gbà mí o!" Màá di ìyá náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, màá tú inú fódà rẹ̀ wò, màá rí fáìlì ọ̀hún níbi tó ṣèèṣì fà á sí, màá dá a padà sáyè rẹ̀. Wọn á gbàdúrà fún mi, fún ìyàwó mi, fún àwọn ọmọ tí a kò tíì bí. Nígbà tó yá ó mọ́ mi lára, n kò sì dúró de ẹni tó máa pè mí mọ́.

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kí n má purọ́. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, tí ẹnìkan ń fọ́nnu lórí nǹkan tí mo ti kà nínú fódà rẹ̀ lálẹ́ àná, ara mi á máa yá gágá lábẹ́lẹ̀. Owó oṣù mi kéré sí ti gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ní ilẹ̀kùn tó tì mọ́ mi.

Ní àsìkò kan tí wọ́n ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé wọ́n fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, mo di ọ̀gá òṣìṣẹ́, mo ṣí fódà lẹ́tà. Orúkọ tèmi kò sí níbẹ̀. Orúkọ ọ̀rẹ́ mi kan wà níbẹ̀, ẹni tí a jọ máa ń jẹun ọ̀sán. Wọn kò tíì kọ déètì sí lẹ́tà náà. Mo pa á dé. Láti ọjọ́ náà títí wọ́n fi fún un, ojoojúmọ́ la jọ ń jẹ ẹ̀wà àti dòdò, tó ń sọ fún mi nípa ilẹ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní Ìkòròdú, tí mo ń mi orí bí alángbá. Kí ni kí n sọ? Kó má san án mọ́? Á bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀.

Ohun tí kò wá sí mi lọ́kàn nígbà náà ni pé orúkọ mi kò sí nídìí gbogbo nǹkan tí mo ń ṣe. Lójú server, ọ̀gá òṣìṣẹ́ ló ṣí lẹ́tà ara rẹ̀. Bí mo bá kọ fáìlì kan, tiwọn ni. Bí mo bá pa òmíràn rẹ́, àwọn ni wọ́n pa á rẹ́.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá ẹ̀dà àtòkọ owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ nínú fódà gbogboògbò, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á. Kó tó di ọ̀sán ó ti wà lórí WhatsApp. Èmi kọ́ ni mo gbé e síbẹ̀, n kò sì mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀ títí di òní. Wọ́n tẹ ls -l láti mọ ẹni tó ni fáìlì náà. Orúkọ ọ̀gá òṣìṣẹ́ ló jáde.

Wọ́n pe ìpàdé. Bàbá náà búra. Wọ́n fi ọmọ búra, wọ́n fi Bíbélì búra. Ọ̀gá àgbà kò dá wọn lóhùn, bébà tí wọ́n tẹ orúkọ náà sí ni wọ́n ń wò. Èmi náà wà níbẹ̀, èmi tí mo mọ̀ dájú pé orúkọ yẹn kò jẹ́rìí nǹkan kan. Láti sọ bẹ́ẹ̀, màá ní láti sọ bí mo ṣe mọ̀. Mo ń wo ilẹ̀.

Àbúrò kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sí ẹ̀ka wa, ọmọbìnrin tí kò tíì gba owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́, ló la ẹnu. "Ẹ má bínú sà, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín." Ó gbé laptop rẹ̀ sórí tábìlì. Ó ní root lórí ẹ̀, bíi ti gbogbo àwọn tó ń kọ prógíráàmù fún wa. Ó dá orúkọ tuntun kan sílẹ̀ níbẹ̀, ó fún un ní 1012, nọ́ńbà ọ̀gá òṣìṣẹ́, ó sì kọ fáìlì kékeré kan sínú fódà gbogboògbò. Ó ní kí wọ́n wo ẹni tó ni ín. Ọ̀gá òṣìṣẹ́ ni. Bàbá náà pariwo Jésù lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọ̀gá àgbà yíjú sí mi. "Ìwọ tó o ti wà níbí látọjọ́, ṣé o ò mọ̀ pé irú èyí lè ṣẹlẹ̀ ni?"

Mo ní, "Mo mọ̀ sà pé ó ní ibi tó kù díẹ̀ káàtó."

Bí mo ṣe dáhùn nìyẹn.

Kerberos ni àbúrò náà ní ká lò. Ilé ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, lábẹ́ Project Athena tó bẹ̀rẹ̀ ní 1983, wọ́n sì fi orúkọ ajá olórí mẹ́ta tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ibùgbé òkú nínú ìtàn àwọn Gíríìkì pè é. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ti wà ṣáájú: Roger Needham àti Michael Schroeder ti kọ ọ́ jáde ní 1978. Ẹ̀dà karùn-ún, tí ìlànà rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní 1993, la ṣì ń lò.

Nínú ètò yìí, kọ̀ǹpútà kẹta kan wà láàárín tó ń jẹ́ KDC, òun ló mọ kọ́kọ́rọ́ gbogbo ènìyàn àti ti gbogbo server. Láàárọ̀, akáwó á tẹ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ̀. Páásíwọ́ọ̀dù náà kò ní gba orí wáyà kọjá rárá. Kọ̀ǹpútà á ti inú rẹ̀ ṣe kọ́kọ́rọ́ kan, kọ́kọ́rọ́ yẹn ló sì máa fi ṣí èsì tí KDC bá fi ránṣẹ́. Bí páásíwọ́ọ̀dù bá fi lẹ́tà kan yàtọ̀, èsì kò ní ṣí. Bó bá ṣí, akáwó ti ní tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì yìí ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ á mú padà lọ bá KDC láti gba òmíràn tó jẹ́ ti server ìpamọ́ nìkan, èyí tí KDC ti fi kọ́kọ́rọ́ server náà tì pa. Server ní ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ nínú /etc/krb5.keytab. Á fi ṣí tíkẹ́ẹ̀tì náà, á sì bá orúkọ akáwó nínú rẹ̀, láti ọwọ́ KDC. Kí èmi máa pariwo 1012 lẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ìlànà RPCSEC_GSS, tó jáde ní 1997, ló so ètò yìí mọ́ NFS, ó sì fi ìpele mẹ́ta sílẹ̀. krb5 á fi ẹni tó o jẹ́ hàn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. krb5i á rí i dájú pé kò sẹ́ni tó yí ọ̀rọ̀ padà lójú ọ̀nà. krb5p á tún fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ kí ẹni tó ń gbọ́ orí wáyà má lè kà á. Kí àwa tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ẹni tó bá mọ tcpdump lò lè ka lẹ́tà ìdádúró rẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa láìjẹ́ pé ó di ẹnikẹ́ni. A fi krb5p sórí fódà òṣìṣẹ́ àti ti àkáǹtì, a fi krb5i sórí èyí tó kù, nítorí pé àdììtú ń jẹ agbára ẹ̀rọ, server wa kì í sì í ṣe ọ̀dọ́.

Mo takò ó. Gbogbo nǹkan tí mo sọ ló jẹ́ òótọ́. Ìdí tí mo fi ń sọ wọ́n ni n kò lè sọ.

Ọ̀rọ̀ aago ni mo kọ́kọ́ gbé dìde. Kerberos kò ní gba tíkẹ́ẹ̀tì bí aago kọ̀ǹpútà méjì bá fi ju ìṣẹ́jú 5 lọ yàtọ̀ síra, kí ẹni tó bá jí tíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ má baà rí i lò. Ẹni tó jókòó sí Boston lè fojú kéré ìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, bí wọ́n bá mú iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kò tètè jí, tí ínfátà náà ti kú, àwọn kọ̀ǹpútà tí bátìrì kékeré inú wọn ti gbó á tan padà, wọn á ní ọdún tí wọ́n ṣe àwọn la ṣì wà. Íńtánẹ́ẹ̀tì tí ì bá tọ́ wọn sọ́nà náà kò tíì dé. Mo ní, "Ọjọ́ tí iná bá lọ, kò ní sẹ́ni tó máa rí fáìlì ṣí ní ilé yìí."

Àbúrò náà ní, "Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká ní aago tiwa."

A sọ kọ̀ǹpútà kan tí UPS rẹ̀ dára di aláago ọ́fíìsì. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá wà, chrony á gba àkókò níbẹ̀. Bí kò bá sí, á máa ka tirẹ̀ lọ, gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù á sì máa tẹ̀lé e. Kódà bí ó bá fi ìṣẹ́jú kan ṣìnà, gbogbo wa la jọ ṣìnà, Kerberos kò ní bínú. Èmi fúnra mi ni mo lọ ra bátìrì CR2032 ní Computer Village, tí mo ń tú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo ń bínú sí nǹkan tí n kò lè dárúkọ.

Mo tún gbé ọ̀rọ̀ orúkọ dìde, pé Kerberos ń fẹ́ kí server ní orúkọ kíkún tí DNS lè ti iwájú àti ẹ̀yìn wá rí, ìnagijẹ sì ni gbogbo èyí tí àwa kọ sínú /etc/hosts. Ó kọ wọ́n tán lálẹ́. Mo gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ òru dìde: àwọn prógíráàmù tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí kò sẹ́ni tó máa tẹ páásíwọ́ọ̀dù fún wọn ńkọ́? Ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀ àti keytab tirẹ̀, tí ẹlòmíràn kò lè kà. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé prógíráàmù kan tó ti ń kó ìwé àkáǹtì láti ọdún gbọọrọ wà níbẹ̀ tí a kò mọ ẹni tó gbé e kalẹ̀. Lábẹ́ sec=sys, kò sẹ́ni tó bi í pé ta ni ọ́ rí.

Tíkẹ́ẹ̀tì máa ń kú. A ti fún un ní wákàtí 10, ìyẹn sì tó fún ọjọ́ iṣẹ́, àfi ní òpin oṣù. Ìyá wa ní àkáǹtì ṣì wà nídìí iṣẹ́ lálẹ́ nígbà tí tiwọn kú. "Bùọ̀dá Kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ yín ti lé mi síta o! Èmi tí mo ń ṣe owó oṣù yín lọ́wọ́!" Kí ilẹ̀ tó mọ́, a ti ṣètò pé kí SSSD máa tún tíkẹ́ẹ̀tì ṣe kó tó kú. Àdúrà tí wọ́n máa ń gbà fún mi dáwọ́ dúró díẹ̀ lásìkò yẹn.

A tún iSCSI ṣe pẹ̀lú. Òun ni server ńlá wa ń gbà dé dísíìkì tí àwọn kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà (virtual machine) wà lórí ẹ̀, a kò sì fi nǹkan kan dá a dúró tẹ́lẹ̀ ju orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iqn, tí ẹnikẹ́ni lè dà kọ. CHAP la fi sí i. Ibi ìpamọ́ á ju nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀ kan sí server, server á pò ó pọ̀ mọ́ àṣírí tí àwọn méjèèjì mọ̀, á fi MD5 lọ̀ ọ́, á dá èsì padà. Àṣírí náà kò jáde síta. A ṣe é ní ọ̀nà méjèèjì, kí ibi ìpamọ́ náà lè fi ara rẹ̀ hàn fún server, àṣírí ti lílọ sì yàtọ̀ sí ti bíbọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlànà ṣe pàṣẹ. Ibi tó ti fẹ́ dá wa dúró kò ju pé a yí iscsid.conf padà tí nǹkan kan kò sì yí: ibi ìpamọ́ tí Linux ti dá mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀, àfi ká ṣàtúnṣe sí ìyẹn. Èyí kò dùn mí rárá. Kọ̀ǹpútà ni CHAP ń dá mọ̀, kì í wo ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni TLS tí wọ́n fọwọ́ sí fún NFS ní 2022, bí ènìyàn bá lò ó láìsí Kerberos: ó dára, ó yá, á fi wáyà pamọ́, á tún jẹ́rìí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n á ṣì fi àyè sílẹ̀ fún irú mi.

Lálẹ́ ọjọ́ tí a yí fódà òṣìṣẹ́ sí krb5p, mo dúró títí gbogbo wọn fi lọ. Mo di root. Mo di ọ̀gá òṣìṣẹ́. Mo tẹ ls. Permission denied. Mo tún un tẹ̀, bí ẹni pé ìka mi ló ṣìnà. Inú bí mi, n kò ní purọ́, bí ẹni tí wọ́n gba mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá rántí ọ̀nà kan tó kù.

Bí ẹni tí mo fẹ́ dà bá ti wọlé sórí kọ̀ǹpútà kan náà, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á wà níbẹ̀, ó sábà máa ń wà ní /tmp, nọ́ńbà rẹ̀ sì máa ń wà nínú orúkọ fáìlì náà. Bí root bá di onítọ̀hún lásìkò yẹn, tíkẹ́ẹ̀tì onítọ̀hún ló máa lò. Kọ̀ǹpútà ńlá kan sì wà tí gbogbo wa jọ ń wọlé sí. Mo mọ̀ pé ọ̀gá òṣìṣẹ́ máa ń gbàgbé láti jáde. Kò sí ẹlòmíràn tó ronú kan ìyẹn.

N kò lè sọ ohun tó ṣe mí. Láàárọ̀, mo lọ bá àbúrò náà, mo sọ fún un. Mo ní ká gba root kúrò lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn lórí kọ̀ǹpútà àjọlò yẹn, tèmi náà, kí sudo máa kọ orúkọ ẹni tó lò ó ránṣẹ́ sórí ẹ̀rọ mìíràn tí èmi kò lè dé.

Ó wò mí. "Báwo lẹ ṣe tètè mọ ìyẹn, ẹ̀gbọ́n?"

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, títí dórí lẹ́tà ọ̀rẹ́ mi.

Ó ní, "Mo ti fura ṣá. Lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, ẹ̀yin nìkan lẹ ò wo ojú laptop mi."

Òun ló ní kí n lọ bá ọ̀gá òṣìṣẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó ti ibòmíràn dé ọ̀dọ̀ wọn. Bàbá náà gbọ́ mi tán. Wọn kò pariwo. Wọ́n bi mí bóyá mo ti ka fáìlì tiwọn, èyí tí ọ̀gá àgbà kọ nípa àwọn gan-an. Mo ní mo ti kà á. Wọ́n ní kí n jáde. Kúẹ̀rì tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ kejì, mo fèsì sí i, wọ́n gé owó oṣù mi, wọn kò dá mi dúró. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ra ilẹ̀ ní Ìkòròdú ni n kò tíì sọ fún. A ṣì máa ń kí ara wa lọ́jọ́ ọdún.

Èyí tó kù tí a kò tíì yanjú ni ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀dà fáìlì pamọ́ lóru. Dandan ni kó lè ka ohun gbogbo, nítorí náà ẹni tó bá ní keytab rẹ̀ lọ́wọ́ lè ṣe gbogbo nǹkan tí èmi ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àbúrò náà ní kí server ìpamọ́ fúnra rẹ̀ máa ṣe ẹ̀dà náà, kó dì í ní àdììtú kó tó jáde, kí kọ́kọ́rọ́ àdììtú wà lọ́wọ́ ọ̀gá òṣìṣẹ́. Mo ní bí wọ́n bá sọ kọ́kọ́rọ́ nù, gbogbo ẹ̀dà ti ṣègbé nìyẹn. Ó ní kí èmi àti bàbá náà pín in sí méjì, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má lè dá a ṣí. Ọ̀gá òṣìṣẹ́ ní àwọn kò fẹ́ pín nǹkan kan pẹ̀lú mi. Wọ́n ti sún ìjíròrò náà sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.